Calibration kì í ṣe "àtúnṣe" o

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ka àbá àná pé, ní Yorùbá, ká máa pe calibration ní "àtúnṣe ẹ̀rọ", ká sì pe ultrasound (ìró tó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́) ní "ìró àìgbọ́". Ẹ má bínú, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn, àgàgà ti àkọ́kọ́ yẹn, torí ó máa ṣi èèyàn lọ́nà gan-an ni.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ iye wáàtì (ìyẹn iye júùlù agbára ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) tí ẹ̀rọ ultrasound ń tú jáde, wọ́n á ti orí ẹ̀ bọ inú omi tí nǹkan tó ń fa ìró mu wà nínú ẹ̀, ìró á di ooru níbẹ̀, wọ́n á wá máa ṣọ́ bí omi ṣe ń gbóná sí. Gíráàmù omi kan máa gba nǹkan bíi júùlù 4.18 kó tó fi digírì kan gbóná sí i. Tí omi bá jẹ́ gíráàmù 100, tó ń fi digírì kan gbóná sí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, júùlù 418 nìyẹn, ẹ pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 7 (tí ooru kankan ò bá sá lọ). Ojú ẹ̀rọ wá ń sọ pé 10. Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé tó bá ti pe 10, 7 ni, òun gan-an ni calibration! Ta ló tún kiní kan ṣe níbẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò tú nọ́ọ̀tì kan. Tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Fífi wé ni wọ́n fi í wé, torí ẹ̀ ni mo ṣe mú "ìfiwé-òṣùwọ̀n" wá.

"Ìró àìgbọ́" ńkọ́? Ìró tí ò tó 20 Hz (ìyẹn tí kì í gbọ̀n tó ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) náà, etí wa ò gbọ́ ọ, ultrasound sì rèé, òkè 20,000 Hz ló wà. "Ìró kọjá-etí" ló sàn.

Sensor tó ń mọ ooru lára, "amọ̀gbóná" ti tó, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni power. Júùlù 418 tó wọnú omi (energy), agbára là ń pè é, wáàtì 7 yẹn (power) náà, agbára! "Ipá" tí ẹnì kan dá lábàá ò ṣe é lò, torí ìró yẹn máa ń ti nǹkan nínú omi, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n wọn bó ṣe tì í tó, ibẹ̀ gan-an la ti nílò "ipá" (force). Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ ká gbọ́ bí agbára ṣe ń yára wọlé sí, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.