Ṣé kí n kó àwọn ọmọ mi gba inú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìbàdàn, àbí kí n dúró sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti kí mi mọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹrin, ọdún 2020

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín, a sì kú ìfaradà ìséde àrùn Kòrónà yìí. Mo bẹ alábòójútó pé kó má ṣe jẹ́ kí orúkọ mi hàn, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn wà níbí.

Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹta, tí òfin Ààrẹ Buhari ti bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá ni mo ti wà nínú ilé. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ni, a fara dà á. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù yìí tí Ààrẹ tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn lé e, iwájú tẹlifíṣọ̀n ni mo jókòó sí tí mo ti bú sẹ́kún. Kì í ṣe ebi ló ń pa mí lẹ́kún, ìwà àwọn aládùúgbò mi ni. Ìyá Aláta tó dojú kọ wá, ẹni tí mo ti ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mo bá pọn àbígbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, kò tà mí láwìn mọ́. Mo mú owó lọ, ó ní ọjà òun ti tán, bẹ́ẹ̀ mo ń wo ata nínú agbọ̀n. Ìyàwó onílé wa ti kànga pa mọ́ mi, ó ní omi ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìró garawa àwọn ará ilé kejì láràárọ̀.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ìyọnu tí àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní One Million Boys ń kó bá wa ní ìhà Agége sí Alágbàdo. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń dáná táyà, wọ́n sì ń ṣọ́ òru, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń dá 500 náírà. Mo mú tèmi jáde, olórí wọn wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní kí n mú un padà sílé, pé ilé tiwa kò nílò ìṣọ́. Lánàá, ọmọ mi àárín lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì fi orin kan lé e wálé tí n kò lè kọ síbí. Iná kò sí, ooru pọ̀, àwa márùn-ún ló ń sùn sínú yàrá kan báyìí, ẹja tí mo rà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọjà ti rà, olùkọ́ àwọn ọmọ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp bí ẹni pé ẹnì kan ń fún mi ní owó dátà, ìyá ọkọ mi sì ń pè lójoojúmọ́ pé kí n máa se ewé dongoyaro fún ọmọ òun.

Awakọ̀ kan tó ń kó ata wá láti Ìbàdàn sí Mile 12 ní òun lè gbé èmi àti àwọn ọmọ sábẹ́ tapólì, nítorí ọkọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 25,000 náírà, mo sì ti san ìdajì. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ń lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, aago mẹ́rin ìdájí ọ̀la ni ó fẹ́ gbéra.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun: ọmọ mélòó ni, ọmọ ọdún mélòó ni ìyá rẹ, ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yín sì ti ní ibà tàbí ikọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Mo ń béèrè nítorí pé àrùn yìí kì í kéde ara rẹ̀. Ọkùnrin ará Ítálì tí àyẹ̀wò fi hàn ní 27 oṣù kejì pé ó ní in ti gba Èkó kọjá dé Ewékorò kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá kó o lè lo ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí àmì tó yọ, àwọn mìíràn kò sì ní rí àmì kankan. Èkó ni àrùn náà ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà lónìí, ọ̀dọ̀ àgbàlagbà ni o sì fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ. Abẹ́ tapólì tí kò sí atẹ́gùn fún wákàtí mélòó kan kì í ṣe ibi tí mo lè fi ewúrẹ́ mi sí.

Ìyá Ìbejì

Mo gbìyànjú ohun tí o fẹ́ ṣe yìí ní ọ̀sẹ̀ kejì ìséde, ọkọ mi kò tíì mọ̀ títí di òní. Àárín àpò òfìfo ni wọ́n tò wá sí, àwa mọ́kànlá, ọkùnrin kan sì ń húkọ́ láti Mile 12. Nígbà tí a dé ìhà Kára, àwọn agbófinró ká tapólì, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, oòrùn sì pa wá débi pé obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òdì. A san owó, wọ́n gbà á, síbẹ̀ wọ́n dá wa padà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Bérgà. Nígbà tí mo délé, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo ara mi bí ẹni tó fẹ́ bó awọ. Àmọ́ jẹ́ kí n béèrè: 4,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èmi. Kí ló dé tí tìrẹ fi jẹ́ 25,000?

Ọmọ Bódìjà

Ẹ máa bọ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n. Tiwa kò le tó ti Èkó, láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ nìkan ni òfin kò gbà kí ènìyàn rìn. Gómìnà Makinde fúnra rẹ̀ ni àyẹ̀wò sọ ní 30 oṣù kẹta pé ó ní àrùn yìí, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi bọ́ nínú rẹ̀. Òróró habbatus-sauda àti oyin ló ní òun lò, ẹ ra tiyín kí ẹ tó gbéra.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ọmọ Bódìjà, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó o ni yóò yá, ìbáà jẹ́ oyin ni wọ́n lá tàbí omi lásán. Má fi ìlera ọkùnrin tí kò tíì dàgbà ju ọdún 52 lọ díwọ̀n ti ìyá arúgbó. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n gbé àwọn tó lo kòlòròkúìnì, oògùn ibà, jù dé ilé ìwòsàn l'Ékòó nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Bàbá Olùkọ́

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ ń jíròrò bí ènìyàn yóò ṣe rú òfin bí ẹni ń jíròrò aṣọ ẹbí. Ìjọba ní kí á jókòó sílé. Ìwọ obìnrin yìí, jókòó sílé. Bí aládùúgbò kò bá kí ọ, fúnra rẹ kí ara rẹ.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, ẹ má bínú o, ta ni ó ń pa òfin náà mọ́? Lánàá ni wọ́n sin Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, ní ibojì Gúdù ní Àbújá, gbogbo wa sì rí èrò tó ń fara kan ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lórílẹ̀-èdè yìí sọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń parí lọ yìí pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 nínú ọ̀rọ̀ ìséde, nígbà tí àrùn náà fúnra rẹ̀ kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì lè jókòó sílé, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun òòjọ́ sọ tirẹ̀.

Bàbá Olùkọ́

Oṣù méje ni wọn kò tíì san owó ìfẹ̀yìntì mi. Má fi ẹnu rẹ kan ohun tí o kò mọ̀.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìyá mi jẹ́ ọmọ ọdún 74, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Kò sí ẹni tó ń húkọ́, ọ̀fìnkìn lásán ni ó ń ṣe ọmọ kékeré. Bàbá wọn kò lè bá wa lọ nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò ni ìwà Ìyá Aláta, nítorí n kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì

O kò dá mi lóhùn lórí 25,000. Irú iṣẹ́ ẹgbẹ́ wo ni ènìyàn ń ṣe nínú ìséde?

Ẹni tó béèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ohun àṣírí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú ni ọkọ mi ní wọ́ọ̀dù wa, òun ló ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí ètò bá wà. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, kó má di pé àwọn kan yóò fi ọ̀rọ̀ mi ja ìjà ìdìbò tí a ti dì tán.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ọ̀rọ̀ ń já bọ̀. Ṣé oúnjẹ ìrànwọ́ ti dé àdúgbò yín? Ní tiwa, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ìwé orúkọ, ó ní kí a máa retí, ìrètí náà ni a ń jẹ títí di òní. Ẹ tún rí 20,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ ní òun ń pín fún àwọn tálákà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ńlá kan. Mo ti béèrè ní gbogbo Abẹ́òkúta, n kò tíì rí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti kọ ìwé náà.

Ìyàwó Tíṣà

Ṣé ẹ rí ohun tí mo rí? Àwọn márùn-ún ló ń sùn sínú yàrá kan *báyìí*. Àǹtí, kí ló wà nínú yàrá kejì?

Ẹni tó béèrè

Mo ti mọ̀ pé ẹ ó gbé e gba ibẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ kan já ẹrù sílé wa lálẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìséde. Kì í ṣe ẹrù tó pọ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e kiri, àpò ìrẹsì 46 ni, oní kílò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọkọ mi kì í ṣe olè. Wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀ títí ìwé orúkọ yóò fi dé, àti pé olórí tó kó o wá fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ayàwòrán ní ọjọ́ tí wọ́n bá máa pín in. Olórí náà sì há sí Àbújá, ìséde kò jẹ́ kó padà wálé. Ṣé ọkọ mi ni yóò lọ gbé e wá? A kò fọwọ́ kan nǹkan náà, àfi àpò kan tí a tú nígbà tí kò sí ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ẹnikẹ́ni nínú yín ni ìbá tú u.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ìdí nìyí tí ilé yín kò fi nílò ìṣọ́. Àwọn ọmọ náà kò kórìíra rẹ, ìrẹsì ni wọ́n ń fi ojú ṣọ́ láti òdìkejì títì.

Bàbá Olùkọ́

Ta ló ni ìrẹsì náà? Bí ó bá jẹ́ ti olóṣèlú náà, òun ló ni ẹ̀bùn rẹ̀, ó lè pín in fún ẹni tó wù ú. Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba, gbogbo àdúgbò ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́ kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, ebi kì í béèrè ẹni tó ni àpò. Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kí wọ́n pín in.

Bàbá Olùkọ́

Kí ẹgbẹ́ náà sì wá gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ kejì? Ìwọ ni yóò lọ gba ìdúró fún un?

Ẹni tó béèrè

Ohun tí ọkọ mi ń bẹ̀rù gan-an ni bàbá sọ yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé kì í ṣe fún títà, àwòrán olórí náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tó ni owó tí wọ́n fi rà á.

Ìyá Ìbejì

Ìgbà kẹta tí mo ń béèrè nìyí, n kò sì ní béèrè mọ́. Kí ni ẹrù tí o fẹ́ kó sínú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ fi di 25,000?

Ìyàwó Tíṣà

Mo ti ń wojú fóònù fún ogójì ìṣẹ́jú. Ṣé ó ti sùn ni?

Ẹni tó béèrè

N kò sùn. Àpò 12 ni. Ọkọ mi ló ní kí n kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, kí n máa wọ̀n ọ́n tà díẹ̀díẹ̀ lójà, nítorí pé owó ilé wa yóò tán lóṣù tó ń bọ̀, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ kò sì san kọ́bọ̀ fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti tì í. Ó ní 33 tó kù yóò kárí, pé kò sí ẹni tó mọ iye tí wọ́n já sílẹ̀ ní àdúgbò. Mo kọ́kọ́ kọ̀, mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Aláta kọ̀ láti ta ata fún mi, mo sì bínú, mo ní bí wọ́n bá ti kà mí sí olè tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún ń dúró wò. Ẹ̀yin kò mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn máa gbọ́ ìkùnsínú nígbàkigbà tó bá da omi nù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Lọ́rọ̀ kan, kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ ni o fi ń lọ. Àwọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ fi bo ìrẹsì.

Ìyá Ìbejì

Níbi tí wọ́n ti ká tapólì kúrò lórí wa yẹn, gbogbo ẹrù ni wọ́n tú. Bí wọ́n bá rí àpò 12 tí a kọ ọ́ sí pé kì í ṣe fún títà, ìwọ ni wọn yóò mú níwájú àwọn ọmọ rẹ, ọkọ rẹ yóò sì wà nílé. Ronú sí ìyẹn. Ìyá Aláta ńkọ́, kí ni òun àti àwọn ọmọ tirẹ̀ ń jẹ?

Ẹni tó béèrè

Mo bu kọ́ńgò méjì sínú ọ̀rá ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo fi rán ọmọ mi àgbà sí i. Ó dá a padà. Ó ní kí ọmọ náà sọ fún mi pé òun ń dúró de ti gbogbo àdúgbò. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ta nǹkan fún mi, n kò kọ èyí sókè nítorí ojú tì mí.

Awakọ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí láti bi mí bóyá kó mú ọmọ kan wá tí yóò bá wa gbé ẹrù. Mo sọ fún un nígbẹ̀yìn pé n kò lọ mọ́. Ó ní òun kò ní dá ìdajì owó padà. Ọkọ mi ń sùn, kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì wà lójúfò, ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa sọ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́.