Áàpù wo ló lè ṣírò ojú ìhun súẹ́tà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń hun òwú, ẹ kú iṣẹ́. Orí Ravelry, ìkànnì ayélujára àwọn tó ń hun òwú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ni mo ti ń rí bátànì súẹ́tà ọmọ ọwọ́, ó sì wúlò púpọ̀, nítorí pé èèyàn lè fi bí òwú ṣe nípọn tó ṣa bátànì. Ìṣirò ló ń dà mí láàmú. Bí bátànì bá ní kí ojú 22 wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, tí òwú tèmi sì fún mi ní 18, ẹ jọ̀wọ́, áàpù Android wo ló lè sọ iye ojú tí ó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa bá mi ka iye ìlà tí mo ti hun láìlo dátà?