Èsì: àwòṣe ni class, kì í ṣe ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Lórí bí a ó ṣe pe àwọn ọ̀rọ̀ ìkọ ètò kọ̀ǹpútà (programming) ní Yorùbá, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí class (àpèjúwe tí a fi ń dá nǹkan nínú ètò) máa jẹ́ "ẹgbẹ́", kí object (nǹkan tí a dá láti ara class) jẹ́ "ọmọ ẹgbẹ́", kí inheritance (kí class kan máa lo ohun tó wà lára class òbí rẹ̀) sì jẹ́ "ogún jíjẹ". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ọ sórí.

Ẹgbẹ́ tí kò ní ọmọ ẹgbẹ́ ti tú. Class kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè wà kí a má tíì dá object kankan láti ara rẹ̀. Ní Òṣogbo ìlú aró níbí, páànù àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo lè fi wé e. Wọ́n gé ọnà sí i lára, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fa ẹ̀kọ gba orí ọnà náà, wọ́n á gbé e kúrò, ó di orí aṣọ mìíràn. Aṣọ lè tó ogún, páànù kan náà ni. Kò sì sẹ́ni tó ń ró páànù. "Àwòṣe" ni mo dábàá fún class. Object, "ẹ̀dá", torí "dá" náà la ó fi sọ iṣẹ́ tó bí i: a dá ẹ̀dá láti ara àwòṣe.

Ibi tí "ẹgbẹ́" ti ń ṣini lọ́nà jù nìyí, nínú Python, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà kan. A dá aṣọ méjì, a àti b, a sì fi "aró" kún àwọ̀ (awo) ti a:

class Aso:
    awo = []

a = Aso()
b = Aso()
a.awo.append("aró")
print(b.awo)

['aró'] ló máa jáde fún b, bẹ́ẹ̀ aṣọ a nìkan la rẹ sínú aró. Ara àwòṣe ni list (àkójọ) àwọ̀ náà wà, òun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀dá ń lò. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ẹgbẹ́ ni, á rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àpò ẹgbẹ́ ṣáà ni. Ẹ kọ self.awo = [] sínú __init__, ìyẹn iṣẹ́ tí Python ń ṣe nígbà tí a bá dá ẹ̀dá tuntun (self ni ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀), kí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ní ti "ogún jíjẹ" fún inheritance, òkú là ń jogún. Àwòṣe òbí kò kú, kò sì pàdánù nǹkan kan: bí a bá tún method kan (iṣẹ́ tí a kọ sára àwòṣe) ṣe lára rẹ̀ lónìí, ọmọ tí kò kọ tirẹ̀ rọ́pò yóò máa lo àtúnṣe náà. "Àbímọ́" bá a mu jù. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard tí wọ́n ṣe èdè ìkọ ètò Simula 67 ní Nọ́wè gan-an, prefix (ohun tí a fi ṣáájú) ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ogún.

Àbùkù kan lára "ẹ̀dá" ń dùn mí: bí a kò bá fi àmì sí i, á di ẹ̀dà lójú òǹkàwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni b = a kò ṣe ẹ̀dà, kò dá ẹ̀dá tuntun; orúkọ kejì ló fún ẹ̀dá kan náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní kọlu ẹ̀dà, kó gbé e wá.