Ọjọ́ tí ìjòyè pe ọba ní "ìwọ"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Literature ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbádùn Shakespeare nígbà yẹn lóòótọ́? Èmi ò gbádùn ẹ̀ rárá. Othello ni wọ́n fún wa fún WAEC, tíṣà wa á kàn máa kà á lọ bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀, thou, thee, hath, doth, àwa náà á máa kọ nóòtì. Mo há a sórí, mo sì páàsì. Ṣùgbọ́n bí aṣọ ìnujú lásán ṣe dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀ láàárín tọkọtìyàwó, kò yé mi títí mo fi jáde.

Yunifásítì lojú mi tó là. Rúùmùméètì mi ń ka King Lear, eré Shakespeare míì, fún ìdánwò, wọ́n ti múná lọ, ó ń kà á sókè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èmi dùbúlẹ̀ mò ń yọ ọ́ lẹ́nu pé gẹ̀ẹ́sì àwọn òkú lò ń kà yẹn. Ló bá ní ṣé o mọ̀ pé thou yẹn, "ìwọ" ni, you ni "ẹ̀yin"? Pé láyé wọn, ọ̀gá ló ń sọ thou sí ọmọọ̀dọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹni tó bá jù ẹ́ lọ you ni. (Nínú àwọn tó jù wọ́n lọ, Ọlọ́run ni wọ́n ń pè ní Thou láìṣẹ̀, bí àwa náà ṣe ń pè é ní Ìwọ nínú àdúrà.)

Ó wá ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà fún mi. Ọba Lear ti darúgbó, ó fẹ́ pín ilẹ̀ ẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin ẹ̀ mẹ́ta, kálukú kó sọ bó ṣe fẹ́ràn òun tó. Àwọn méjì pọ́n ọn dáadáa, Cordelia àbíkẹ́yìn ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ, bàbá bá yarí, ó kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Kent tó jẹ́ ìjòyè fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ ń kì í, ọba mi, ẹni tí mo fẹ́ràn bíi bàbá mi, ọba ní òun ti fa ọrun, kó yàgò fún ọfà. Ibẹ̀ ni Kent ti gbaná jẹ: "What wilt thou do, old man?" Kí ni ìwọ fẹ́ ṣe ná, arúgbó yìí?

Mo fò jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọba! Níwájú gbogbo ààfin! Ẹni tó jẹ́ pé you ló ń pe ọba, you ló ń pe ajá, ó máa kà á kọjá ni. Èmi tí wọ́n gbá létí rí torí mo ní "ṣé o ti jẹun" fún àǹtí màmá mi, orí mi wú. Wọ́n sì lé Kent kúrò nílùú o, kí lẹ rò?

Ní báyìí thou àti you ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣọ́, bí ìyá ọkọ tó ń wo ìyàwó tí kò kúnlẹ̀.

---

Háà, ẹ ò tíì rí ti Twelfth Night, eré Shakespeare míì. Sir Toby ń ti Sir Andrew pé kó kọ lẹ́tà ìjà sẹ́nì kan, ó ní tó bá fi thou pè é bí ẹ̀ẹ̀mẹta kò burú. Inú dánfó ni mo ti kà á, mo bú sẹ́rìn-ín, kọ̀ndọ́ ń wò mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ̀? Ní gáréèjì tiwa ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

---

Eré tí kò yé èmi kì í ṣe ti gẹ̀ẹ́sì o, Ọba Kò So ti Dúró Ládipọ̀ ni, ti 1963, Yorùbá tèmi gan-an, ó sì le jù mí lọ. Oríkì Ṣàngó inú ẹ̀, mo kà á títí, mi ò mú nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan mo tan ohùn ẹ̀ lórí fóònù, màmá àgbà wà ní kíṣìnì, wọ́n ń gún ata, wọ́n sì ń gbà á lẹ́nu òṣèré kó tó sọ ọ́ tán. Mo pa ìwé dé, mo lọ jókòó tì wọ́n.