Ṣílè 1959 yìí, ṣé òǹtẹ̀ ló kọlura ni àbí ó kàn ha ni?

Àdìgún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà. Ìyá ìyá mi ṣòwò aṣọ ní Tamale títí wọ́n fi lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà lọ́dún 1969. Agolo bisikíìtì tí wọ́n gbé bọ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń ju owó onírin sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n délé. Kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ti Nkrumah 1958, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ṣílè Nàìjíríà 1959 kan ló gbà mí lọ́kàn. Níwájú ọrùn ọbabìnrin, níbi tó yẹ kó dán bọ̀rọ́, ìlà tín-ín-rín mẹ́ta wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ. Mo fi ọwọ́ pa á títí, kò ṣe mí bí ohun tí wọ́n fi nǹkan ha. Ẹnì kan lórí Facebook ní òun á rà á ní mílíọ̀nù méjì náírà, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ fún owó fọ́ọ̀mù. Àbúrò màmá mi náà ní ká fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kó lè hàn dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbẹ̀kẹ́: Owó fọ́ọ̀mù kẹ̀! Látìgbà wo ni oníbàárà ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà? Ẹ bulọ́ọ̀kù rẹ̀ kíá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni irú wọn bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí náírà oníkọ́ìnsì lásán.

Bàbá Àlàó: Àdìgún, má fọ̀ ọ́ o! Eérú á bó ojú rẹ̀, ìlà tó o fẹ́ ká wò á sì bá a lọ. Ẹni tó bá mọ owó àtijọ́ á ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, iye tó fẹ́ san á sì já wálẹ̀.

Òǹtẹ̀ irin méjì ló ń ṣe owó onírin. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ń bọ̀ látòkè, pẹlẹbẹ irin ni ẹ̀rọ ń tì sáàárín wọn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ò bá ti pẹlẹbẹ wọlé, irin á gbá irin, ojú òǹtẹ̀ kan á sì fi àpá sójú èkejì. Gbogbo owó tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló máa gbé àpá náà, títí wọ́n á fi yọ òǹtẹ̀ yẹn tàbí kí wọ́n yún un dán. Òun ni wọ́n ń pè ní die clash. Nítorí náà, kì í ṣe ara owó kan ṣoṣo ni àpá náà máa ń wà.

Bó o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Lọ yá gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú. Tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe látòkè, kí òjìji lè gbé ìlà yẹn jáde. Ya fọ́tò iwájú owó náà. Wá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ṣí ojú ìwé, kó o ya ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, kódà bó bá doríkodò. Yí fọ́tò ẹ̀yìn yẹn sódì bí àwòrán inú dígí, kó o gbé e lé ti iwájú lórí fóònù. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ṣílè náà gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlà yẹn gẹ́lẹ́. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, kì í ṣe òǹtẹ̀.

Ibi tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ni àpá òǹtẹ̀ sábà máa ń wà. Ìlà tó bá gba orí irun ọbabìnrin kọjá, ó ha ni.

Ṣọlá wẹ́dà: Ẹ ṣọ́ra fún ti fáìsì náà, irin tí a fi ń há nǹkan mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan máa ń fi owó lé owó, wọ́n á fún un pọ̀. Lẹ́tà á rì wọnú owó, á kọjú sódì, àwọn ọmọ wa á sì máa pariwo pé àṣìṣe ilé ìtẹ̀wó ni. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti pẹlẹbẹ.

Àjàní: Bó tiẹ̀ jẹ́ òǹtẹ̀ lóòótọ́, ẹ má retí mílíọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, ààbọ̀ dọ́là 1955 kan wà tí apá ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi àpá sẹ́nu Franklin tí àwòrán rẹ̀ wà níwájú, ó wá dà bíi pé eyín ehoro ló ní. Wọ́n sọ ọ́ ní Bugs Bunny, ehoro inú kàtúùnù, orúkọ yẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá a. Ta ló ń wá ti ṣílè wa? Ṣílè yẹn pọ̀ nígboro, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1961 àti 1962.

Bó bá jẹ́ èmi, kọ́bọ̀ oníhò ni mo máa kọ́kọ́ tú. H lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé ilé ìtẹ̀wó Heaton ní Birmingham ló ṣe é, KN jẹ́ ti King's Norton. Bó bá jẹ́ ti 1936, ẹ ka orúkọ ọba, ọdún nìkan ò tó. GEORGIVS wà, EDWARDVS náà wà. Edward ò pé ọdún kan lórí oyè, kò sì sórí ọba lára owó oníhò, orúkọ nìkan ni.

Àdìgún: Mo dúpẹ́ o. Mo ti bulọ́ọ̀kù onífọ́ọ̀mù. Mo gbé fọ́tò lé fọ́tò: ìlà méjì bọ́ sórí imọ̀ ọ̀pẹ gẹ́lẹ́, ẹ̀kẹta gba inú lẹ́tà kọjá, ẹ̀rí wà pé nǹkan ló ha ìyẹn. Àmọ́ àwọn ṣílè 1959 yòókù nínú agolo, ojú wọn mọ́.

Bàbá Àlàó: Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo kọ́ ló tẹ ṣílè ọdún náà. Ìlà méjì yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Ọjọ́ Sátidé mo máa wà ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ yín níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: 1936 ńkọ́? Ẹ ò dáhùn ìyẹn.

Àdìgún: Méjì wà. Ọ̀kan, GEORGIVS ni. Èkejì ti dúdú, lẹ́tà àkọ́kọ́ lórúkọ ọba jọ E, mi ò lè rí ìyókù.

Bàbá Àlàó: Fi aṣọ rírọ̀ wé ìyẹn lọ́tọ̀, má jẹ́ kó máa gbá ṣílè. Gbé méjèèjì wá.