Fíìmù tí a wò nígbà ìsinmi, àti èyí tó ga jù lójú mi

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí ọ̀rọ̀ fíìmù tí kálukú wò nígbà ìsinmi àti èyí tó ga jù lójú rẹ̀. Nínú gbogbo fíìmù tí a wò nílé nígbà ìsinmi yìí, Ṣaworoidẹ ló ga jù lójú mi. Ọdún 1999 ló jáde o! Àwọn ọmọ tó jókòó tì wá ń wò ó, a ò tí ì bí wọn nígbà náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn títí ó fi parí.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé fíìmù náà fọkàn tán ẹni tó ń wò ó. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jẹ́ ká mọ májẹ̀mú tó wà láàárín ọba Jogbo, ìlú inú fíìmù náà, àti aráàlú. Ẹni tó bá máa jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́. Bí kò bá gbà á, tó wá dé adé, tí ìlù ṣaworoidẹ bá fi lè dún sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Wọ́n sọ ọ́, ó tán. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ gbẹ́rẹ́ nítorí pé owó ló fẹ́ jọba fún. Láti ìgbà yẹn lọ, gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí adé lórí rẹ̀ ni ọkàn mi kì í balẹ̀. Kò sí pé wọ́n ń fi orin ìdẹ́rùbà kan ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. A ti mọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, à ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa wá sìn ín.

Ẹ wá wo Bàbá Ọ̀pálábá. Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, ẹni tí í ṣe akéwì gidi lójú ayé. Ohun tí àwọn ìjòyè ò lè là sọ lójú ọba, òwe àti ewì ni Bàbá fi ń sọ ọ́, wọn kì í sì í dúró túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màámi ò jẹ́ ká ṣí ẹnu nígbàkigbà tí Bàbá bá ti yọjú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, “Màámi àgbà, kí ni Bàbá yẹn ń sọ?” Wọ́n ní, “Fetí sílẹ̀. Bó bá yá, ìwọ náà á gbọ́ ọ.” Lóòótọ́, nígbà tí àwọn agégẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í pa igbó run, tí ọba sì ń gba tọwọ́ wọn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, “Ohun tí Bàbá sọ nìyẹn!” Inú mi dùn gan-an. Àwa àgbà ò ṣàlàyé nǹkan kan fún un.

Ìgbà tí Lágàta ológun dé orí ìtẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mí kanlẹ̀. Ọdún tí fíìmù yẹn jáde gan-an ni àwọn ológun gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá wà láyé nígbà yẹn kò nílò kí wọ́n sọ fún un pé Jogbo kì í ṣe Jogbo nìkan.

Kúnlé Afọláyan tó ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà nínú Ṣaworoidẹ ló wá darí Aníkúlápó, tó jáde lórí Netflix ní 2022. Ìyẹn la wò tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, kò sì burú, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó yẹ kó gùn ju wákàtí méjì lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ààfin yẹn pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ. Aṣọ wọn rẹwà, ilé wọn rẹwà, àmọ́ a ti rí i, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

Arọ́lákẹ́, olorì tó bá Sàró sá lọ, ló gba fíìmù náà sílẹ̀ fún mi. Orúkọ tí wọ́n sọ Sàró ni wọ́n fi pe fíìmù, òun la sì ń tẹ̀ lé kiri, ṣùgbọ́n ìtàn Arọ́lákẹ́ ni mo wò. Òun ló gba àdó tó ń jí òkú lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà. Òun ló sọ Sàró di èèyàn. Nígbà tí Sàró wá ní àfi tí wọ́n bá fún òun ní ọmọ ọba kí òun tó jí òkú nínú ààfin, obìnrin yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó da ohun tó wà nínú àdó náà nù, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ẹ wo ojú Bímbọ́ Adémóyè tó ṣe Arọ́lákẹ́ níbẹ̀. Kò sunkún, kò ṣépè, bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó ti fara dà látẹ̀yìn wá hàn lójú rẹ̀. Ibi tí Aníkúlápó ti fọkàn tán wa nìyẹn, mo sì rò pé ó ju gbogbo iṣẹ́ ìyanu inú rẹ̀ lọ.

Jagun Jagun wà níbẹ̀ náà, ti 2023. Àwọn ọmọ yọ̀ mọ́ ọn. Lójú tèmi, ìjà inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹlẹ́ṣin Ọba la jiyàn lé lórí jù. Inú eré tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1975 ni wọ́n ti mú un, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láàárín àwọn ọdún 1940 ló sì bí eré náà. Dúró Ládípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Ọba Wàjà ṣáájú. Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, abọ́bakú tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọba rẹ̀ lọ sọ́run. Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu, torí apanilẹ́rìn-ín ló mọ̀ ọ́n sí. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Ọkùnrin tí ayé dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, Ọdúnladé ṣe é débi pé mo gbà á gbọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ Yorùbá, fíìmù náà ń rìn. Bó bá ti kan ilé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó di gẹ̀ẹ́sì, ṣe ló dà bíi pé ẹlòmíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùdarí. Ibi tí òyìnbó àti ìyàwó rẹ̀ ti gbé ẹ̀kú eégún wọ̀ lọ sóde àríyá nìkan ló dùn mí dénú nínú apá yẹn. Màámi pòṣé, wọ́n ní àwọn ò wò mọ́, àmọ́ wọ́n wò ó parí. Ó ká mi lára pé Bíyì Bándélé tó darí rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí aráyé tó rí iṣẹ́ náà.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé fíìmù ò lè lọ jìnnà láìsọ gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kó lọ wo Parasite ti Bong Joon-ho. Èdè Kòríà ni wọ́n ń sọ, òun sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tí kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Oscar tó ga jù, ní 2020. Kí ọ̀gá fọwọ́ bo imú nítorí òórùn ara òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn péré ni. Ó ju ìwàásù lórí olówó àti tálákà lọ.

Àbúrò mi ló mú 12 Angry Men wá, ti Sidney Lumet, ọdún 1957. Àwòrán funfun àti dúdú ni fíìmù náà, èèyàn méjìlá nínú yàrá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń dá ẹjọ́ ọmọ kan tí wọ́n ní ó pa bàbá rẹ̀. Mọ́kànlá ní ó jẹ̀bi, ẹyọ ẹnì kan ní ká rò ó wò. Mo fẹ́ràn ibi tí bàbá àgbàlagbà inú wọn ti ṣàkíyèsí ojú àpá gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ẹnì kan, tó sì rántí pé obìnrin tó jẹ́rìí ní irú àpá bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹni tó ń lo gíláàsì máa ń fi sùn ni? Báwo ló ṣe wá rí apànìyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀?

Àbúrò mi ṣì takú pé ọmọ yẹn ló pa á. Èmi ní wọn ò sọ fún wa, wọn ò sì gbọ́dọ̀ sọ, torí àwọn méjìlá yẹn náà ò mọ̀. Ẹni tó bá ti wò ó nínú yín, ẹ bá wa dá sí i.