Bí ìyá mi ṣe yẹ ọlọ wò ní Metamora

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 2015 ni ọ̀rọ̀ yìí wáyé, nígbà tí màmá mi wá láti Ìwó láti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ní ẹ̀rọ ìlọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé omi ṣì ń yí ọlọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Metamora, ìlú kékeré kan tí kò tó wákàtí méjì sí wa, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni n ó mú wọn lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kanáàlì àtijọ́ kan ni Metamora wà. Èkó ni màmá ti mọ kanáàlì, níbi tí ìdọ̀tí ń gbà ṣàn, kò sì yé wọn ìdí tí ènìyàn yóò fi sun epo mọ́tò lọ wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọ̀nà ọkọ̀ ni tibí yìí: ọdún 1836 ni ìpínlẹ̀ Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ Whitewater Canal, tí gígùn rẹ̀ padà tó máìlì 76, kí àwọn àgbẹ̀ lè kó irè oko dé odò Ohio, ẹṣin tí ń rìn ní etí bèbè ni ó sì ń fi okùn fa ọkọ̀. Gbèsè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ìjọba lọ́rùn gan-an, síbẹ̀ kò pẹ́ tí rélùwéè fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kanáàlì náà. Ojú ọ̀nà ẹṣin yẹn gan-an ni wọ́n tẹ́ irin sí!

Níbi tí kanáàlì ti pàdé odò Duck Creek, afárá onígi tí ó ní òrùlé ni ó gbé omi kanáàlì kọjá lókè, tí odò sì ń ṣàn nísàlẹ̀. Àgbàrá òjò gbé ti àkọ́kọ́ lọ ní 1846, ni wọ́n bá tún un kàn. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé ọlọ ni a ti pẹ́ jù. Iṣẹ́ òwú ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀ ní 1845 kí ó tó di ibi ìlọkà, iná sì ti jó o ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Omi ń ti kẹ̀kẹ́ ńlá kan níta, kẹ̀kẹ́ náà ń yí ọlọ nínú ilé, ilẹ̀ pákó sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ pé òkúta ìsàlẹ̀ kì í yí, ti òkè nìkan ni ó ń yí. Mo túmọ̀ rẹ̀.

Màmá ní, “Ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ nìyẹn. Kí ló tún kù tí ó fẹ́ kọ́ mi?”

Wọ́n na ọwọ́ síbi tí ìyẹ̀fun ti ń dà jáde, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbé e sí imú. “Ó gbóná jù. Sọ fún un pé ọlọ rẹ̀ ti fún jù, kí ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa rùn.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fọwọ́ kan ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó yí irin kan, ó sì bi mí níbi tí màmá ti kọ́ṣẹ́.

Àpò mẹ́rin ni a rà. Nígbà tí màmá ro túwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kò kúnná tó ti ẹ̀rọ àwọn rárá, àmọ́ méjì nínú àpò yẹn ni wọ́n dì sínú ẹrù wọn lọ sí Ìwó.